Oṣù Mẹ́rin Ààrẹ Reagan: Ẹ̀kọ́ Fún Ẹni Tí Àyẹ̀wò Ìfun Rẹ̀ Kò Dára

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, ọdún 1985, Ààrẹ Ronald Reagan ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Bethesda. Ìwé náà gbé agbára ìjọba lé Igbákejì rẹ̀, George Bush, lọ́wọ́ fún ìgbà tí Ààrẹ yóò fi wà lábẹ́ oògùn oorun. Nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ ni Bush fi di ipò náà mú. Láàrin àkókò yẹn, àwọn oníṣẹ́ abẹ gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kúrò nínú ìfun ńlá Ààrẹ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15, wọ́n kéde fún aráyé pé jẹjẹrẹ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí oṣù keje tó dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1984, àwọn dókítà rí ẹran kékeré kan tí ó hù jáde lára ògiri ìfun rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́líìpù. Ní oṣù kẹta ọdún 1985, wọ́n tún rí òmíràn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wà nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ìfun nìkan ni wọ́n tíì yẹ̀ wò títí di ìgbà náà. Ọjọ́ 12 oṣù keje ni wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò colonoscopy, èyí tí wọ́n fi ń ti ọ̀pá rírọ̀ tó ní iná wọ inú ìfun ńlá dé òpin rẹ̀. Ibẹ̀, níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀tún ikùn, ni wọ́n ti bá pọ́líìpù ńlá tí ó ti di jẹjẹrẹ.

Àwọn oníròyìn àti àwọn dókítà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí ó fi di oṣù keje, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti farahàn ní oṣù kẹta? Orí kó Reagan yọ. Jẹjẹrẹ náà kò tíì jáde kúrò lára ìfun, ó sì wà láyé títí di oṣù kẹfà ọdún 2004, nígbà tí ó kú ní ẹni ọdún 93, tí àìsàn mìíràn sì pa á. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́rin bá lè kọjá lórí ẹni tí dókítà ń tẹ̀ lé kiri bí òjìji, mélòó ni yóò kọjá lórí ìyá tó ń tajà lọ́jà?

Kì í ṣe àìsí irinṣẹ́ ló fa ìdádúró náà. Láti ọdún 1864 ni Izaak van Deen, onímọ̀ ìṣègùn ará ilẹ̀ Netherlands, ti fi hàn pé oje igi guaiac lè tú àṣírí ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1967, David Greegor, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, kọ nípa bí àwọn aláìsàn ṣe lè fi ìgbọ̀nsẹ̀ díẹ̀ sára páálí kékeré nílé wọn, kí wọ́n sì kó o wá fún àyẹ̀wò. Ní ọdún 1969, William Wolff àti Hiromi Shinya ní New York ń fi wáyà tí wọ́n gba inú ọ̀pá rírọ̀ náà kọjá gé pọ́líìpù láìla ikùn ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ tó ń kìlọ̀ wà, èyí tó ń wo àrùn ní ojúkojú tí ó sì ń gé e kúrò wà pẹ̀lú. Okùn tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀ ni kò tíì yi.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Minnesota fi agbára okùn yìí hàn. Ènìyàn 46,551 ni wọ́n lò. Ní ọdún 1993, èsì rẹ̀ jáde pé àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́dọọdún dín ikú tí jẹjẹrẹ ìfun ń fà kù pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹni tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú tirẹ̀ ni wọ́n ń pè wá fún colonoscopy, ibẹ̀ sì ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè pẹ́ tó kí ewu tó dé? Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní California tẹ èsì jáde lórí ènìyàn 70,124 tí àyẹ̀wò wọn fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàrin àwọn tó ṣe colonoscopy láàrin oṣù kan àti àwọn tó ṣe é kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Láti oṣù kẹwàá lọ, ewu bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Fún àwọn tó jẹ́ kí ó ju ọdún kan lọ, ewu pé wọn yóò bá jẹjẹrẹ ju ìlọ́po méjì lọ, ewu pé yóò ti le kọjá àlà sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ìpayà ní ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la.

Àwọn ìjọba náà ti ń kọ́gbọ́n. Ilẹ̀ England bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò yìí fún àwọn àgbà ní ọdún 2006, tí wọ́n ń fi ohun èlò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé wọn. Ní Amẹ́ríkà, owó ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró: àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè san owó gọbọi fún colonoscopy tó tẹ̀ lé e. Ọdún 2022 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé ìnáwó kejì yìí pẹ̀lú.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbọ̀nsẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni a kọ́kọ́ ń fà á sí. A ó ní ṣúgà ló pọ̀ jù, a ó sì wá oníagbo lọ. Òtítọ́ ni pé jẹ̀dí lè fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sì túmọ̀ sí jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n agbo kò lè sọ èyí tí ó jẹ́. Àfi kí dókítà wo inú ìfun.

Àwọn òbí wa tó wà ní London tàbí Manchester náà ń gba lẹ́tà yìí. Òmíràn á ní ara òun le koko. Ara Reagan náà le, kò sí ohun tó ń dùn ún. Òmíràn á fẹ́ tún àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, bóyá ẹ̀jẹ̀ kò ní hàn mọ́. Pọ́líìpù lè ṣẹ̀jẹ̀ lónìí kó má ṣẹ̀ lọ́la, nítorí náà èsì kejì tó dára kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ohun tó yẹ kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni pé: “Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún yín láti wá ṣe colonoscopy, ta ni yóò sì sìn yín lọ?” Bí kò bá tíì sí ọjọ́, kí ọmọ gbé fóònù, kí ó bá wọn pe ilé ìwòsàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.