Ìjà Lewisham 1977: Bí àwọn ará àdúgbò ṣe dí ọ̀nà mọ́ àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní London

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1977, nǹkan bíi 500 ọmọ ẹgbẹ́ National Front kóra jọ ní New Cross, ní gúúsù ìlà oòrùn London. Wọ́n fẹ́ wọ́de gba àárín àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, títí dé Lewisham. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò, dúdú àti funfun, ti jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti dè wọ́n lọ́nà. Ìjà Lewisham ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí di òní.

Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ gan-an ní New Cross, Deptford, Lewisham àti Peckham tó múlé gbè wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹbí ní London kò ní ṣàì mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́dún 1977, àwọn tó wá láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká ló pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé níbẹ̀.

Ta ni National Front?

Ọdún 1967 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú yìí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìjọba kó gbogbo àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kúrò ní Bìrìtìkó. John Tyndall, tó jẹ́ olórí wọn lásìkò náà, ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Hitler kó tó dé ibẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí pé ó lọ́wọ́ sí kíkó ẹgbẹ́ bí ọmọ ogun jọ.

Ọ̀rọ̀ wọn ń wọ àwọn kan létí nígbà yẹn. Iṣẹ́ kò sí, ọjà sì gbówó lórí. Nínú ìbò kánsù kan tó wáyé ní Deptford lọ́dún 1976, ìbò National Front àti ti ẹgbẹ́ kan tó yapa lára wọn, tí a bá dà á pọ̀, ju ti Labour tó wọlé lọ. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 1977, àwọn tó dìbò fún National Front nínú ìbò ìgbìmọ̀ London lé ní 100,000.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Lewisham?

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 1977, ọlọ́pàá já wọlé àwọn èèyàn ní ìdájí ní àdúgbò náà. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní jàgùdà ni wọ́n. Àwọn 21 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àwọn òbí àti aládùúgbò wá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà wọn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà wọ́de ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, àwọn ọmọ National Front kọlù wọ́n. Wọ́n ju èso jíjẹrà àti kọ́sítíìkì tó ń jó ara lù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni National Front kéde ìwọ́de tiwọn, pé àwọn ń gbógun ti jàgùdà. Kò sí ẹni tí kò mọ àwọn tí wọ́n ń bá wí.

Báwo làwọn ará àdúgbò ṣe múra sílẹ̀?

Kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ara wọn kiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977 ni àwọn ìjọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ àwọn àjèjì ti para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ALCARAF sílẹ̀. Kánsù Lewisham bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de ìwọ́de National Front, ṣùgbọ́n David McNee, ọ̀gá ọlọ́pàá London, kò gbà.

Ohùn àwọn tó ń tako National Front kò ṣọ̀kan lórí ohun tó kù láti ṣe. Àwọn kan ní kí àwọn wọ́de ní ìrọ̀rùn ní ibòmíràn, kí aráyé lè rí i pé àwọn pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn mìíràn ní àfi kí àwọn dúró sójú ọ̀nà gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá ráyè kọjá lónìí, wọ́n á tún padà wá lọ́la. Nígbẹ̀yìn, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n lò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Láàárọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wọ́de láti Ladywell Fields láìsí wàhálà. Bíṣọ́ọ̀bù Southwark àti máyọ̀ Lewisham wà níbẹ̀. Bí ìyẹn ṣe parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá àwọn tó ti ń dúró ní Clifton Rise, ní New Cross.

Ní ọ̀sán, nígbà tí ọlọ́pàá ń sin àwọn ọmọ National Front jáde sí New Cross Road, èrò ya lù wọ́n. Òkò àti ìgò ń fò, wọ́n já àsíá gbà, wọ́n sì dáná sun ún. Ìwọ́de náà já sí méjì. Ọlọ́pàá ní láti fi àwọn tó kù gba àdúgbò tó dá páropáro lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Lewisham. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ.

Àmọ́ ìjà kò tíì tán. Àwọn ọ̀dọ́ àti ọlọ́pàá kọjú síra wọn ní àárín ìlú Lewisham, ibẹ̀ sì ni ọlọ́pàá ti kọ́kọ́ lo apata láti kojú èrò lórí ilẹ̀ Bìrìtìkó fúnra rẹ̀. Èèyàn 111 ló fara pa, ọlọ́pàá jẹ́ 56 nínú wọn. Wọ́n mú èèyàn 214.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó dí ọ̀nà náà, wọ́n ní jàǹdùkú kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, kó tó di ìparí ọdún náà, wọ́n dá Anti-Nazi League sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń pín ìwé kiri láti fi han aráàlú pé ìlànà Hitler ni àwọn olórí National Front ti ń tẹ̀lé bọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1978, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ èèyàn rìn láti Trafalgar Square lọ gbọ́ orin ní Victoria Park.

Nígbà tó di ìbò ọdún 1979, National Front fa olùdíje 303 kalẹ̀. Ẹyọ kan kò wọlé, gbogbo wọn ló sì pàdánù owó ìdúró wọn. Àwọn òpìtàn kan ní kì í ṣe Lewisham nìkan ló fà á, pé bí ẹgbẹ́ Conservative náà ṣe ń le mọ́ àwọn àjèjì ló gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tún gbọ́ pé National Front gba New Cross kọjá bó ṣe wù wọ́n.

Ìyẹn kò ní kí ìpayà tán. Ní oṣù Kìíní ọdún 1981, iná jó ilé kan ní New Cross Road níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú 13 ló bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wádìí ikú wọn, kò sì sí èyí tó fìdí ohun tó fa iná náà múlẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ọdún náà, nǹkan bíi 20,000 èèyàn wọ́de láti New Cross lọ sí àárín London láti béèrè ìdájọ́ òdodo.

Ǹjẹ́ ó ti dópin?

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2024, lẹ́yìn tí ẹnì kan gún àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta pa ní Southport, irọ́ gba íntánẹ́ẹ̀tì pé àjèjì tó wá forí pamọ́ sí ìlú ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ Cardiff ni wọ́n ti bí i. Àwọn jàǹdùkú kọlu mọ́ṣáláṣí àti òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àjèjì wà. Ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra.

Orúkọ àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kọlù ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ tún tàn ká. Kó tó di alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò ti kún òpópónà ní Walthamstow, Brighton, Liverpool àti Newcastle. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwọn tí wọ́n ń retí kò yọjú.