Ìbò Ìdá Kan Nínú Mẹ́ta

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn ará Rotherham ní gúúsù Yorkshire jáde lọ yan kánsẹ́lọ̀. Ìjókòó 21 ni wọ́n ń dù lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ UKIP tí kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì gba 10 nínú rẹ̀. Ìlú awakùsà àti aṣiṣẹ́-irin ni Rotherham. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọba ìbílẹ̀ náà sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ Labour ti ń ṣàkóso rẹ̀, bí bàbá ṣe dìbò fún wọn ni ọmọ ń dìbò fún wọn. Kí ẹgbẹ́ àlejò wá gba nǹkan bí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Labour ṣì di ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ náà mú, torí ìjókòó 63 ni gbogbo rẹ̀, 42 ni kò sì sí lára ohun tí wọ́n ní kí ará ìlú wá dájọ́ lé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìròyìn Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexis Jay jáde. Ó fojú bù ú pé ó kéré tán, ọmọdé 1,400 ni àwọn ọ̀daràn ti bá ṣèṣekúṣe ní ìlú náà láàrin ọdún 1997 sí 2013, tí àwọn aláṣẹ àti ọlọ́pàá sì gbọ́ tí wọn ò ṣe ohun tó yẹ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ará Rotherham ò yéé dìbò. Ìlú tí ń dìbò lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó wà lórí àga kò sì ní ìdí láti bẹ̀rù ọjọ́ ìbò kankan, ó yẹ ká wádìí ibi tí ètò ìdìbò rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Lójú tèmi, ètò tí wọ́n máa ń yìn pé ó ń jẹ́ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́dọọdún, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kì í jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó tó di ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń yan ara rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn tó kù a fi ọ̀rẹ́ tàbí àna wọn rọ́pò, ará ìlú a sì máa wò wọ́n. Òfin Municipal Corporations Act ti ọdún yẹn ló fòpin sí àṣà náà ní ìlú 178. Ó ní kí àwọn ọkùnrin tí ń san owó orí ilé máa yan kánsẹ́lọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kánsẹ́lọ̀ náà sì máa fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún. Títí dé ibẹ̀, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò wá máa pàṣẹ ìlú, fi dandan lé e pé kí àwọn alderman, ìyẹn àwọn àgbà ìgbìmọ̀, ṣì wà. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n jẹ́ é títí ayé; ọdún mẹ́fà ni wọ́n wá fẹnu kò sí. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń yàn wọ́n, kì í ṣe ará ìlú, wọ́n sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìgbìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí alderman bá kó ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, tí a sì dìbò lé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ṣẹ́kù, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìgbìmọ̀ ni ìbò ọdún kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn. Àwọn tó kọ òfin yìí mọ ìṣirò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà lẹ́yìn náà. Títí di ọdún 1872, ìwé tí olùdìbò fọwọ́ sí ni wọ́n fi ń dìbò ìlú, tí onílé àti ọ̀gá ẹni lè rí ẹni tí èèyàn yàn. Òfin ìbò ìkọ̀kọ̀ ló mú ìyẹn kúrò. Obìnrin tó ń san owó orí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò ìlú ní 1869, ọdún 49 kí obìnrin tó dìbò ilé aṣòfin. Ní 1949, wọ́n gbé ọjọ́ ìbò kúrò nínú òtútù oṣù Kọkànlá lọ sí oṣù Karùn-ún. Àfi ìdá kan nínú mẹ́ta nìkan ni kò kúrò níbi tó wà.

Àyè wà láti pa á tì nígbà tí ìjọba Edward Heath tún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tò. Òfin 1972, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 1974, dá bọ́rọ̀ ìgboro ńlá 36 sílẹ̀ lábẹ́ kaúntì mẹ́fà: Manchester, Liverpool, Leeds, Birmingham àti Rotherham wà lára wọn. Alderman kógbá wọlé, ṣùgbọ́n òfin náà pàṣẹ pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta, kí wọ́n máa yan ọ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, kí ọdún kẹrin jẹ́ ti ìgbìmọ̀ kaúntì. Ìjọba Margaret Thatcher fagi lé ìgbìmọ̀ kaúntì wọ̀nyẹn ní 1986, láti ìgbà náà sì ni ọdún kẹrin ti ṣófo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, orílẹ̀-èdè kan náà, tí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, gbogbo ìjókòó bọ́rọ̀ ni wọ́n ń dìbò lé lọ́jọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yìí nítorí Commonwealth. Nítorí náà, Yorùbá tó wà ní Peckham, ní bọ́rọ̀ Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, ń dìbò kánsù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin, ó sì lè gba gbogbo ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ní Manchester ń dìbò lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó ti sọ ìdí tí ohun tó dára fún Southwark kò fi lè dára fún Salford tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester.

Àwọn tó ń gbe ètò ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́yìn máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹgbẹ́ alátakò tó bá ní sùúrù, tó ń gba ìjókòó díẹ̀ lọ́dún, yóò débẹ̀. Àmọ́ onílé ń rí imú náà láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìjókòó 50 nínú 60 lè pàdánù gbogbo 20 tí wọ́n dù lọ́dún kan, kó ṣì ku 30 sí i lọ́wọ́, kó wá ní ọdún kan gbáko láti fi tún ọgbà ṣe: kó yọ olórí kan, kó dín owó kan kù, kó dúró de ìgbà tí ìbínú ìlú yóò rọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn ni Liverpool, mi ò sì fẹ́ fojú fò ó. Ní oṣù Kẹta 1984, ìgbìmọ̀ ìlú náà, tí ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Militant ń darí láàrin ẹgbẹ́ Labour, ń bá ìjọba àpapọ̀ jà lórí owó, kò sì lè fọwọ́ sí ìṣúná kankan. Oṣù Karùn-ún dé, ará ìlú dìbò, Labour tún gba ìjókòó sí i. Nígbà tó di oṣù Keje, mínísítà Patrick Jenkin bá wọn ṣe àdéhùn. Láìsí ìbò ọdún náà, kò sí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ ọkàn àwọn ará Liverpool. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbò yẹn ṣe ni pé ó fi agbára kún agbára ẹni tó ti wà lórí àga. Ìdá kan nínú mẹ́ta lè sọ pé “ẹ máa bá a lọ”. “Ẹ dìde níbẹ̀” ni kì í lè sọ fún ẹgbẹ́ tó ti rinlẹ̀. Nígbà tí kánsẹ́lọ̀ 47 sì kúrò ní Liverpool ní 1987, ilé ẹjọ́ ló lé wọn, kì í ṣe ìbò.

Ìdìbò lemọ́lemọ́ tún ń sọ kánsẹ́lọ̀ di ẹni tí ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí Nick Clegg, olórí ẹgbẹ́ Liberal Democrat, bá àwọn Conservative dá ìjọba pọ̀ ní 2010, ìbò mẹ́ta péré, 2011, 2012 àti 2014, ló gbá gbogbo kánsẹ́lọ̀ Liberal Democrat tó wà ní Manchester dànù. Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba àpapọ̀ fi kún láti Lọ́ńdọ̀nù ló dun àwọn èèyàn. Àtakò tó yẹ kó máa yẹ ìwé ìgbìmọ̀ Manchester wò sì ṣe bẹ́ẹ̀ pòórá.

Ní 2004, àjọ tí ń bójú tó ètò ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá pé kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ máa dìbò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Òfin 2007 gbà wọ́n láyè láti yí padà, ṣùgbọ́n ó ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò nínú ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, èyí ni pé àwọn tí ètò náà ń dáàbò bò ni wọ́n ní kó wá pa á rẹ́. Abájọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú ńlá tó yí i padà fi jẹ́ àwọn tí wàhálà ti bá: Rotherham ní 2016 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, Birmingham ní 2018 nítorí ìròyìn tí Bob Kerslake kọ lórí ìṣàkóso rẹ̀, Liverpool ní 2023 lẹ́yìn ìwádìí tí Max Caller ṣe níbẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀.

Alátakò mi yóò ní kí n wo èsì rẹ̀. Ní Rotherham, nígbà tí wọ́n dìbò lé gbogbo ìjókòó 63 ní 2016, Labour tún gba 48. Òótọ́ ni. Àmọ́ èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi gbogbo àga náà lé ìlú lọ́wọ́, ìlú sì dá a padà fún wọn. Nígbà tó di 2021, ó ku 32 fún Labour nínú 59, Conservative gba 20, àtakò gidi sì wọ ilé náà. Ti Birmingham le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dìbò lé gbogbo ìjókòó 101 ní 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìgbìmọ̀ náà kéde pé owó òun kò lè gbé ìnáwó òun mọ́, ará ìlú sì ní láti dúró títí di oṣù Karùn-ún 2026 kí wọ́n tó lè fèsì nínú àpótí ìbò. Ìdúró yẹn pẹ́, ó sì dunni. Lábẹ́ ètò àtijọ́, wọn ì bá ti dìbò ní 2024. Ṣùgbọ́n àga tí wọn ì bá dìbò lé nígbà náà kò ní ju nǹkan bí 34 lọ, àwọn kọmíṣọ́nnà tí ìjọba àpapọ̀ rán wá ì bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó fọwọ́ sí ìṣúná tó dojú dé yẹn ì bá sì ṣì pọ̀ nínú yàrá ìpàdé láti dìbò lé ìṣúná tó tẹ̀ lé e.