Irin Wẹ́wẹ́ Lórí Àyà Ọ̀dọ́: Àmì Ẹ̀yẹ GTO ní Ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1937, akéwì Rọ́ṣíà nì, Samuil Marshak, kọ ewì kan fún àwọn ọmọdé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gba ọmọ là nínú ilé tí ń jó, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ láìdárúkọ ara rẹ̀. Àwọn panápaná, ọlọ́pàá àti ayàwòrán wá a káàkiri ìlú. Lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àmì ẹ̀yẹ GTO wà ní àyà rẹ̀. Èyí kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé àìmọye ọ̀dọ́ ni ó ní irú rẹ̀. Ewì ìyìn ni Marshak kọ, ṣùgbọ́n ó tú àṣírí kan láìfura: àmì tí ó yẹ kí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀.

Komsomol, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ní 1918, ni ó mú àbá àmì yìí wá ní 1930. Ìjọba fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta, ọdún 1931. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ‘Ó ti ṣe tán fún iṣẹ́ àti ààbò’. Ní 1934 ni ti àwọn ọmọdé, BGTO, jáde. Tiwọn ń pàṣẹ ni: ‘Múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ àti ààbò’. Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ Sìkáòtù yóò dá ‘múra sílẹ̀’ yìí mọ̀. Ẹgbẹ́ náà gan-an ni ìjọba tuntun kò fẹ́ rí mọ́, tí ó fi ẹgbẹ́ Paoníà rọ́pò ní 1922. Wọ́n lé onílé, wọ́n jókòó sórí àga rẹ̀.

Ìdánwò náà kì í ṣe eré ìdárayá lásán. Lóòótọ́, sísáré, fífò àti ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n jíju bọ́ǹbù àfọwọ́jù náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni rírìn nínú ìbòjú tí ń dènà afẹ́fẹ́ olóró. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, ènìyàn 24,000 ni ó gba àmì yìí ní 1931. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti di 465,000. Ìbísí bẹ́ẹ̀ yẹ ní fífura sí, nítorí pé iye tí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá ni a ti là sílẹ̀ fún wọn.

Àmì kejì, Atamátàsé Voroshilov, bẹ̀rẹ̀ ní 1932. Kliment Voroshilov, tí ó ń ṣe àkóso ọ̀ràn ààbò nígbà náà, ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Osoaviakhim, tí ń kọ́ ará ìlú ní ẹ̀kọ́ ogun, ni ó sì ń fún ni. Nínú irú ẹgbẹ́ ìbọn bẹ́ẹ̀ ni Lyudmila Pavlichenko, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Kyiv, ti kọ́ bí a ti ń yìnbọn. Nígbà tí Jámánì gbógun wọlé ní 1941, ó fi ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀ ní yunifásítì, ó wọṣẹ́ ológun. 309 ọ̀tá ni ìjọba kà sí i lọ́rùn.

Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 tí wọ́n gba BGTO ní 1934 ti di ẹni ogún ọdún ó lé nígbà náà. Wọ́n wà lára ìran tí ogun náà pa jùlọ, wọn kò sì ní orúkọ bíi ti Pavlichenko.

Ètò GTO parí pẹ̀lú Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1991. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2014, Vladimir Putin fọwọ́ sí àṣẹ tí ó dá a padà ní Rọ́ṣíà. Orúkọ àtijọ́ náà ni wọ́n fún un, láti ọmọ ọdún 6 ni ìdánwò rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.