Ìtọ̀ àti Òpó Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Àyẹ̀wò Purotéènì nínú Àìsàn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Omi àti ẹ̀gbin a gba inú rẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀. Purotéènì, pàápàá albumin, a ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín inú kíndìnrín jẹ́, ọ̀rọ̀ wọn á dà bí asẹ́ ògì tó ya: èérí á bá omi lọ. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń jiyàn lórí èyí tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́, yálà kíndìnrín ni tàbí òpó ẹ̀jẹ̀.

Richard Bright, oníṣègùn ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1827. Ó máa ń bu ìtọ̀ aláìsàn sínú ṣíbí, á gbé e sórí iná àbẹ́là. Bí purotéènì bá pọ̀ níbẹ̀, ìtọ̀ á dì, á funfun. Ní 1836, ó ṣàkíyèsí pé ọkàn ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ. Kíndìnrín ló dá lẹ́bi. Àmọ́ ní àwọn ọdún 1870, Frederick Akbar Mahomed, ní Guy's kan náà, fi ẹ̀rọ tó ń ya lílù iṣan ọwọ́ sórí pépà hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ti ń ru kí purotéènì tó yọjú nínú ìtọ̀ wọn.

Ní 1963, àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà láti wọn ìwọ̀nba albumin inú ìtọ̀ tí ojú kò lè rí. Ní 1974, Parving àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì rí i pé albumin tó ń jò lára àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ju ti ẹni tára rẹ̀ le lọ. Ní 1989, Deckert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú alátọ̀gbẹ, sọ pé awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń bàjẹ́ káàkiri ara, pé jíjò inú kíndìnrín kàn jẹ́ àmì rẹ̀ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HOPE fi hàn ní 2001 pé albumin díẹ̀ péré nínú ìtọ̀ ń bá ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ rìn.

Ní Ìbàdàn, ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akinkugbe fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín, ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn ọmọ Áfíríkà sì jáde ní 1972.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tún dá sí àríyànjiyàn náà ní 2010. Àwọn onímọ̀ rí àyípadà nínú àbùdá APOL1, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín wọn. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín ju àwọn yòókù lọ. Nípa báyìí, kíndìnrín àwọn kan tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló bà jẹ́ ti lè ti ní àìlera tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bright àti Mahomed kò ṣìnà tán: ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tó bàjẹ́ ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ ru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru wò, tí oògùn bíi ramipril sì fi wúlò: ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti jíjò purotéènì kù.