Obìnrin Tó Ń Fẹ́ Obìnrin Nínú Àṣà, Òfin, Ẹ̀sìn àti Ìtọ́jú Ìlera: Àgbéyẹ̀wò Láti Ìwó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn onímọ̀, òfin, ẹ̀sìn àti ìṣègùn ti sọ nípa obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tí àwọn ènìyàn ń pè ní lẹ́síbíànì. Ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a dúró sí láti wò ó. Èrò wa ni pé oníkálukú tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ń fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọ̀n wọ́n. Pé inú ìlera ni ìpalára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àti pé yàrá ìtọ́jú ni àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìfáárà

Ìlú kéwú ni Ìwó. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, òkìkí Ọba Muhammadu Lámúyè kàn gẹ́gẹ́ bí Olúwòó tó jẹ́ mùsùlùmí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ìlú Onítẹ̀bọmi náà ni. Orí ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Baptist àtijọ́ ni Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Nínú ìlú tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń tọ́ ọmọ, tí yunifásítì sì ń kọ́ àwọn tí yóò tọ́jú aláìsàn, a lè wo ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kì í sábà jáde ní gbangba láàrin wa. Nígbà tó bá jáde, ẹnu oníwàásù, ọlọ́pàá tàbí onílé tó fẹ́ lé ayálégbé ló máa ń gbà jáde. Àwọn tọ́rọ̀ kàn kì í sí níbẹ̀ láti fèsì.

Àṣà: ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women (1997), Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí fi hàn pé ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Yorùbá fi ń to ara wọn kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ àti abo. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa: ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní ọkọ, inú kò sì bí ẹnikẹ́ni. J. Lorand Matory (1994) náà kọ nípa ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó ń dirun bí obìnrin nítorí pé ìyàwó òrìṣà ni. Ní ilẹ̀ Dahomey, Melville Herskovits ti kọ ní ọdún 1937 nípa obìnrin ọlọ́rọ̀ tó ń fẹ́ ìyàwó kí àwọn ọmọ lè jẹ́ tirẹ̀. Ifi Amadiume (1987) rí irú rẹ̀ ní Nnobi nílẹ̀ Ìgbò.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rí wọ̀nyí. Amadiume fúnra rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí ìfẹ́ ara láàrin obìnrin. Ọ̀rọ̀ ogún, ọmọ àti ipò ni. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kò le koko lórí ipò akọ àti abo bí àwọn kan ṣe ń sọ lónìí. Wọn kò sọ bí ọkàn obìnrin kan ṣe rí sí èkejì.

Láti mọ ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà ni a ó lọ. Serena Dankwa, nínú Knowing Women (2021), bá àwọn obìnrin Ghana sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní supi, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀bùn, oúnjẹ àti ìtọ́jú ara ni wọ́n fi ń sọ ìfẹ́ náà, wọn kì í fẹnu sọ ọ́. Ní Suriname, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú lọ, Gloria Wekker (2006) kọ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní mati. Púpọ̀ nínú wọn ti bímọ, wọ́n sì tún ń bá ọkùnrin gbé. Ìfẹ́ obìnrin jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn kò sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Nílé wa níbí, She Called Me Woman (2018) kó ìtàn 25 jọ láti ẹnu àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbàdúrà, wọ́n ń tọ́jú òbí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí àwọn òbí náà má gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ kọ́ wa: obìnrin lè lọ́kọ, kó bímọ, kó máa wọ híjáàbù tàbí kó máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó sì jẹ́ pé obìnrin ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ẹni tó bá ń fi ojú wá a kò ní rí i.

Òfin, nílé àti lókèèrè

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé ka orí Nàìjíríà ní ọdún 1916 kò dárúkọ ìbálòpọ̀ obìnrin sí obìnrin. Abala 217 rẹ̀ lórí ìwà àìtọ́ láàrin akọ àti akọ bá ọkùnrin nìkan wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Bìrìtìkó: nígbà tí wọ́n gbìyànjú ní ọdún 1921 láti sọ ọ́ di ọ̀ràn fún obìnrin, Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Olóyè kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ní bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, àwọn obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò mọ̀ ọ́n.

Ìdákẹ́ yẹn dópin nínú òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo léèwọ̀. Ọdún 14 ni ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ṣe é. Ọdún 10 ni ti ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ti ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ìbáà jẹ́ tààrà tàbí ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àjọ Human Rights Watch kọ ní ọdún 2016 pé òfin náà ti di ohun tí àwọn kan fi ń fi ipá gba owó, tí wọ́n sì fi ń lu ènìyàn. Ẹnubodè nìkan ló sì pààlà fún ọmọ ìyá kan náà: ní Benin, níbi tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà, òfin kò fi àgbàlagbà sẹ́wọ̀n nítorí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀; ní Togo, ó ń fi wọ́n sẹ́wọ̀n.

Ẹni tó bá sá lọ sókèèrè tún bá òṣùwọ̀n mìíràn níbẹ̀. Adérónkẹ́ Àpáta, ọmọ Nàìjíríà tó tọrọ ààbò ní Bìrìtìkó, jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga ní ọdún 2015, agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé kò lè jẹ́ lẹ́síbíànì nítorí pé ó ti bímọ, ó sì ti bá ọkùnrin gbé rí. Ọdún 2017 ni wọ́n tó fún un ní ààbò. Ohun tí Wekker rí ní Suriname ti fọ́ àwíjàre agbẹjọ́rò náà ṣáájú kó tó la ẹnu. Òfin wa ń fi ìyà jẹ obìnrin nítorí pé ó jẹ́ lẹ́síbíànì. Òfin tiwọn fẹ́ lé e padà nítorí pé wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sìn

A kò ní ṣe bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjèèjì kò ṣe kedere. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ka ìbálòpọ̀ obìnrin sí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní siḥāq, sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò kà á mọ́ àgbèrè tí ìjìyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ adájọ́ ni wọ́n fi ìbáwí rẹ̀ sí. Súrà al-Ḥujurāt (49:12) sì kọ̀ fún mùsùlùmí láti máa tọpinpin àṣírí ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ bíbo àṣírí ẹni sì lágbára nínú ẹ̀sìn náà. Ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé aládùúgbò láti mọ ẹni tó sùn síbẹ̀ ti rú òfin kan kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ní ti Kírísítẹ́nì, ìwé Róòmù 1:26 ni àwọn oníwàásù sábà máa ń tọ́ka sí. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth ní ọdún 1998 kọ ìwà náà nínú Ìpinnu 1.10, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà sì ti ń di ìpinnu náà mú gírígírí. Ìpinnu kan náà ló pàṣẹ pé kí ìjọ tẹ́tí sí ìrírí àwọn tọ́rọ̀ kàn, kí wọ́n sì lòdì sí ìbẹ̀rù tí kò nídìí tí àwọn ènìyàn ní sí wọn. Ìdajì kejì yìí kì í dé orí àga ìwàásù wa. Tí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ohun tí a fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ni ká kà.

Ìlera

Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ìfẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo kúrò nínú àkọsílẹ̀ àìsàn ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1990. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń gbé ọmọbìnrin lọ fún ìtúsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rúkíyà tí àwọn mùsùlùmí fi ń lé àǹjọ̀nú, wọ́n ń febi pa á, wọ́n ń lù ú, wọ́n sì ń pè é ní ìwòsàn. Ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìfẹ́ láti gba ẹ̀mí ara ẹni. Àwọn mìíràn a fi ipá bá a lò pọ̀ láti yí ọkàn rẹ̀ padà. Ìwà ọ̀daràn ni ìyẹn.

Àìmọ̀ náà ń ṣọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé obìnrin tí kò sùn ti ọkùnrin kò lè ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò HPV tó ń fà á lè gba ara kan ara, ọwọ́ tàbí ohun èlò kọjá láàrin obìnrin méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti bá ọkùnrin lò pọ̀ rí. Àyẹ̀wò tó yẹ gbogbo obìnrin yẹ àwọn náà. Obìnrin tí kò bímọ rí tún wà nínú ewu jẹjẹrẹ ọyàn díẹ̀ ju ẹni tó bímọ lọ. Audre Lorde, akéwì adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ lẹ́síbíànì, kọ ìrírí tirẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọyàn sínú The Cancer Journals (1980), ó sì sọ gbangba pé ìdákẹ́ kò dáàbò bo òun.

Ètò HIV ní Nàìjíríà ti ya ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú; obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kò sí nínú àwọn tó yà sọ́tọ̀. Àmọ́ ọ̀nà wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pàṣẹ ní abala 26 pé kí oníṣègùn pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin ìgbéyàwó tí a sọ lókè kò sì ka ìtọ́jú léèwọ̀, kò ní kí dókítà lọ fi aláìsàn sùn. Nígbà tí àbẹ́rẹ́ àjẹsára HPV bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ kankan léèrè ẹni tí yóò fẹ́ lọ́la kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Báyìí gan-an ló yẹ kí ìtọ́jú rí.

Àgbálọgbábọ̀

Àbá mẹ́ta ni a ní. Kí àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ní Ìwó àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kọ́ wọn láti bi aláìsàn ní ìbéèrè tí kò ti dá a lẹ́jọ́ ṣáájú, kí wọ́n má sì fi orúkọ ọkọ ṣe ẹnu ọ̀nà ìtọ́jú. Kí lèmọ́mù àti pásítọ̀ sọ fún àwọn òbí pé ìlù àti ebi kì í ṣe àdúrà. Kí àwa onímọ̀ máa fi èdè wa kọ ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá fẹnu ara wọn sọ, kí a sì dáàbò bo orúkọ wọn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá èèrẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá tú àṣírí obìnrin kan sí ọjà ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin kúrò ní ilé-ìwòsàn, àìsàn tí a lè tètè wò yóò sì pa wọ́n. Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè máa jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ ẹni kò gbọdọ̀ kú nítorí pé ojú ń tì í láti sọ ibi tó ń dùn ún.