Ọjọ́ Tí Wọn Kò Ṣe Kòńgẹ́ Ara Wọn ní Odò Cooper

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1861, nínú aginjù Ọsirélíà.

Àfẹ̀mọ́júmọ́. William Brahe àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àgọ́ létí odò Cooper ń di ẹrù. Ọ̀sẹ̀ 18 ni wọ́n ti ń retí ọ̀gá wọn, Robert O'Hara Burke, ẹni tó kó Wills, King àti Gray sẹ́yìn lọ sí etíkun àríwá ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1860. Oṣù mẹ́ta ni Burke ní kí wọ́n fi dúró. Wills ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó pé mẹ́rin. Mẹ́rin ti pé, ó ti lé. Patten, alágbẹ̀dẹ wọn, kò lè rìn mọ́, oúnjẹ sì ń tán lọ. N kò dá Brahe lẹ́bi pé ó gbéra.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ti ri ìyẹ̀fun, ìrẹsì, ṣúgà àti ẹran gbígbẹ mọ́lẹ̀ nídìí igi coolibah kan. Wọ́n kọ ọ́ sára igi pé kí ẹni tó bá dé gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kọ déètì ọjọ́ náà sí i. Ìgò kan wà pẹ̀lú oúnjẹ náà, lẹ́tà Brahe sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́tà yìí ló ń dùn mí. Ó ní ara òun àti ti àwọn méjì le dáadáa, pé Patten nìkan ni ẹṣin gbé ṣubú. Ó ní ràkúnmí mẹ́fà àti ẹṣin 12 wà tí agbára wọn pé. Bẹ́ẹ̀, àrùn tí àìjẹ èso àti ewébẹ̀ tútù ń fà ti wọ àgọ́ náà. Ẹsẹ̀ McDonough, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, pàápàá kò gbádùn. Kò sí ibi kankan tó ti sọ ọ́ pé àwọn kò ní lè yára.

Ọ̀sán. Wọ́n gbé Patten sórí ràkúnmí, wọ́n ń rọra lọ. Lápá kejì, Burke, Wills àti King ń bọ̀ pẹ̀lú ràkúnmí méjì tó kù. Gray ti kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ kan sin ín.

Agogo méje ààbọ̀ alẹ́. Wọ́n wọ àgọ́. Ó ṣófo! Wọ́n rí igi, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ka déètì òní. Burke bi àwọn méjì tó kù bóyá wọ́n lè lé Brahe àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá. Wọn kò lè lé wọn bá: ẹsẹ̀ wọn ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí ìrìn ìṣísẹ̀ díẹ̀ fi jẹ́ ìyà. Ta ni yóò lé ẹran tí lẹ́tà ní agbára wọn pé?

Máìlì 14 péré ni Brahe sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 23, Burke kọjú sí Mount Hopeless, níbi tí ó ti lérò pé òun yóò bá ọlọ́pàá, bíi máìlì 150 sí ibẹ̀. Ó ri lẹ́tà tirẹ̀ mọ́ ihò kan náà, wọ́n bò ó dáadáa, wọn kò fi àmì tuntun sára igi. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, Brahe àti Wright, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ìrìn-àjò náà, padà wá wo àgọ́ náà. Ìṣẹ́jú bíi 15 ni wọ́n lò. Wọ́n ní ilẹ̀ wà bí àwọn ṣe fi í sílẹ̀. Wọn kò gbẹ́ ẹ. Ìròyìn tó bá wọn dé Melbourne ni pé Burke kò padà sí àgọ́. Irọ́ ni, ẹni mẹ́ta sì ṣì wà láàyè lẹ́bàá odò yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò ó.

Burke àti Wills kú níbẹ̀ nígbà tí oṣù Kẹfà ń parí lọ. Àwọn Yandruwandha, àwọn onílẹ̀, ló ń bọ́ King títí àwọn èèyàn Alfred Howitt, ẹni tí wọ́n rán láti wá Burke, fi rí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Òun nìkan ló padà dé Melbourne nínú àwọn mẹ́rin tó lọ sí àríwá.