Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣe ọkàn aláboyún

Bí aláboyún kan ní Lálúpọn tàbí Mọ́níyà bá sọ pé ẹsẹ̀ òun wú, pé òun kò sì lè mí délẹ̀ bí òun bá dùbúlẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń sọ ni pé bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Lóòótọ́, oyún a máa mú kí ẹsẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí àmì rẹ̀ jọ ti oyún: iṣan ọkàn yóò rẹ̀, kò sì ní lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ti yẹ mọ́. Ìparí oyún tàbí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, pàápàá lápá Àríwá. Ó lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá tètè mọ̀, oògùn wà fún un.

Ìṣòro ibẹ̀ ni bí a ó ṣe mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn ni ó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn ni a sì ti sábà máa ń rí i, kì í ṣe ilé ìwòsàn alábọ́dé ní abúlé.

Ọkàn a máa mú iná mànàmáná kékeré jáde bó ti ń lù. Willem Einthoven, ará ilẹ̀ Netherlands, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924 nítorí ẹ̀rọ ECG tó ń ya iná yìí sórí ìwé. Lọ́dún kan náà, Hans Berger ní Jámánì kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ iná inú ọpọlọ ènìyàn.

Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní deep learning ni kọ̀ǹpútà fi ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń bá baba rẹ̀ lọ sóko kòkó ní Ọ̀nà-Àrà kò kọ́ ọ nínú ìwé. Wọ́n ń fi hàn án pé èyí pọ́n, èyí rà, títí yóò fi dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ṣe fi ECG àti àwòrán ọkàn àwọn aláìsàn tí wọ́n tó 45,000 kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ó ń rí àmì tí ojú dókítà kò rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ kòkó oko kan lè ṣì ti oko mìíràn mú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dán an wò lára àwọn aláboyún àti ìyá ọmọ tuntun tó lé ní 1,200 ní ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Nàìjíríà, UCH sì wà lára wọn. Ohun èlò kékeré tí a ń gbé lé àyà ni wọ́n lò. Ó ń gba ìró àti iná ọkàn papọ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024. Nínú 587 tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí 24 tí agbára ọkàn wọn ti lọ sílẹ̀. Nínú 608 tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, 12 péré ni wọ́n rí. Nítorí pé bí ìgbà tí a ṣẹ́ kèké ni wọ́n pín wọn, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà wà lára àwọn mìíràn nínú ìpín kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Kọ̀ǹpútà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí ọpọlọ pẹ̀lú: ó ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà nínú àwòrán orí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, àti àmì wárápá nínú iná ọpọlọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í ṣe dókítà. Ó lè fura sí ẹni tí kò ní nǹkan kan, ó sì lè fo ẹni tó ní in. Àwòrán ọkàn ni yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, oògùn ni yóò sì wò ó. Bí agbẹ̀bí ní Ẹgbẹ́dá bá rí àmì tí kò sì sí ọkọ̀ tàbí owó tí yóò gbé aláìsàn dé Ìbàdàn, òfo ni.

Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé abúlé, ẹ má ṣe dúró dè é. Aláboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun tí kò lè sùn láìgbé orí ga, tí èémí ń já lẹ́nu rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì béèrè pé kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò.